Ọkọ̀ Tí Ẹni Tó Tà Á Kò Lè Wọ̀

Ọkùnrin kan wà ní ìlú orí òkè kan, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà yí ìwà padà. Bó bá kó sí kòtò, nǹkan á máa dún kò-kò-kò nísàlẹ̀. Bó bá dójú títì tó tẹ́jú, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa yà sósì fúnra rẹ̀. Etí táyà iwájú ń jẹ lápá kan, bí ẹni pé eku ló ń jẹ ẹ́.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, ó mì í. Táyà náà ń mì bí eyín arúgbó tó fẹ́ yọ.

"Bàbá, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà ló ti jẹ, òun là ń pè ní tairọ́ọ̀dù. Pípààrọ̀ ni, kò sí dídì. Bó bá já níbi tí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ òkè yìí, ẹ ó kàn máa yí sítíárìn ni, táyà ò ní gbọ́."

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ náà mọ́; ó ní kó máa gun ọ̀kadà lọ sọ́jà. Lẹ́yìn èyí, ó fọ ọkọ̀ títí ó fi ń dán, ó sì gbé e síta fún títà.

Agbẹ̀bí kan ló rà á, opó tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e láti abúlé dé abúlé. Kò ṣàì béèrè.

"Bàbá, kí ló ń dún nísàlẹ̀ yẹn?"

"Ọmọ mi, ọ̀nà wa ni. Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ pé ọ̀nà wa ò dáa ni? Ọkọ̀ yìí ò ní àbùkù kankan."

Obìnrin náà wo ewú orí rẹ̀, ó gbà á gbọ́.

Kò pẹ́, bó ti ń gbé aboyún kan tó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn, ni ọkọ̀ bá fà á lọ sí ẹ̀bá ọ̀gbun. Ó fi gbogbo agbára di sítíárìn mú, ó tẹ bíréèkì. Ìgbà tí ọkọ̀ fi máa dúró, ó ku díẹ̀ kí táyà kan wọ ọ̀gbun. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé aboyún náà lọ, Ọlọ́run sì yọ ọ́.

Agbẹ̀bí rọra wa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì dá ọkọ̀ mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ṣé bàbá ò sọ fún yín ni?"

Obìnrin náà gba ilé bàbá lọ. Ó bá ọkùnrin náà níwájú ilé, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ. Kò jókòó, kò gba omi. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ wa ọkọ̀ yìí sọ̀ kalẹ̀ òkè. Èmi náà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ọkùnrin náà wo kọ́kọ́rọ́. Ó ní orúnkún ń dun òun.

"Kò burú. Èmi á wà á. Kí màmá wá bá mi jókòó."

"Rárá!" Ó ti pariwo kó tó mọ̀. "Ìyàwó mi ò ní wọ̀ ọ́!"

Ìyàwó rẹ̀ dìde.

"Háà, bàbá wọn! Ìdí tí ẹ fi ní kí n máa gun ọ̀kadà nìyí? Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì tà á fún ọmọ ọlọ́mọ!"

Ọkùnrin náà ló ra tairọ́ọ̀dù tuntun. Mẹkáníìkì pààrọ̀ rẹ̀ lápá méjèèjì, wọ́n sì ṣe aláìnmẹ́ǹtì, kí táyà méjèèjì lè kọjú síbì kan náà. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí iṣẹ́ fi parí. Iṣẹ́ tí kò ju báyìí lọ ló fẹ́ fi ẹ̀mí ènìyàn dípò! Àwọn àgbà tó wà níjókòó lọ́jọ́ náà kò pè é mọ́ bí wọ́n bá fẹ́ parí ìjà.

Àjàgbé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ni mo wá bá ọ sọ. Ọmọ rẹ ń lu obìnrin. O mọ̀. Ìwọ lo lọ bẹ àwọn àna rẹ nígbà tó lu ìyàwó àkọ́kọ́ títí eyín fi yọ lẹ́nu rẹ̀. Ní báyìí, o ní ká lọ tọrọ ọmọ ẹlòmíràn fún un, bàbá ọmọbìnrin náà sì bi ọ́ nípa ìwà ọmọ rẹ, o ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ká ní ọmọbìnrin tìrẹ ni, ṣé wàá fi í fún un? Má dá mi lóhùn, ojú rẹ ti sọ ọ́. Dé fìlà rẹ. A ó jọ lọ bá àwọn ènìyàn náà nísinsìnyí, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ òótọ́ fún wọn. Bí o bá kọ̀, èmi á dá lọ.