Ìdí Tí Omi Fi Ń Di Omi Mú

Nígbà láéláé, tí òjò kò tíì rọ̀ rí, òfurufú ni àwọn ẹ̀dá tíntìntín ń gbé, oníkálukú ní àyè tirẹ̀. Háídírójìn Àgbà àti àbúrò rẹ̀, Háídírójìn Kékeré, wà lára wọn. Kò sí ẹ̀dá tó kéré tó wọn. Aṣọ kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, èyí tí ìyá wọn hun kó tó kú.

Ọ́síjìn ni aládùúgbò wọn. Aṣọ mẹ́fà ló ní, síbẹ̀ ó ní àfi tó bá di mẹ́jọ kí ara òun tó balẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun gbé. Wọ́n ṣe àdéhùn pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò rán aṣọ rẹ̀ mọ́ ọ̀kan lára ti Ọ́síjìn, kí wọ́n jọ máa fi bora. Ilé àwọn mẹ́ta yìí ni a ń pè ní Omi. Wọ́n wọn aṣọ, ó bára mu. Agbára tí kálukú fi ń fa aṣọ ni ẹnikẹ́ni kò rántí láti wọ̀n.

Kò pẹ́ tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ́síjìn. Èjìká Kékeré yọ síta, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń wo aṣọ ìyá rẹ̀ ní itan ẹlòmíràn. Etí aṣọ nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Ọ́síjìn, ẹ ti fa aṣọ mi lọ."

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fà á, àbúrò mi. Bí ara mi ṣe rí nìyẹn."

Ọ́síjìn ti aṣọ náà padà fún un. Kí wọ́n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ti lọ. Àgbà ní kí àwọn máa lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ, ìhòòhò ni wọn yóò lọ, aṣọ ìyá wọn yóò sì kù sẹ́yìn. Kékeré ní òun kò lè fi í sílẹ̀.

Ó wá na ọwọ́ sí ilé Epo. Àwọn Háídírójìn pọ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gbé, aṣọ wọn sì kárí wọn dọ́gba. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí ni ìwọ yìí sọ nù tí o ń tá ràrà kiri? Òtútù kò sí níbí o."

Ní ilé Omi mìíràn tó tẹ̀ lé e, Ọ́síjìn mìíràn jókòó, aṣọ wọ́ jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kékeré na ọwọ́ sí i.

"Ó jọ ti ìyá mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ́síjìn náà dá a lóhùn pé: "Dì í mú, ọmọ. Ṣùgbọ́n má fi ilé rẹ sílẹ̀."

Ó dì í mú. Ara rẹ̀ móoru díẹ̀. Aṣọ náà já lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún nawọ́, ó di ti ẹlòmíràn mú. Àgbà náà ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé tó dà bíi tiwọn sì kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ yẹn títí di òní ni omi ti ń ṣù mọ́ omi lórí ewé kókò, tó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ epo kọjá láìdara pọ̀ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn náà ni omi kò ti lè dúró sójú kan: ó ń di ara rẹ̀ mú, ó ń já, ó tún ń nawọ́.