Bọ́tìnì Tí Kò Pe Ẹnikẹ́ni

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ télọ̀ ti sú. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó sì ń lọ sí ìlú láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù orí fóònù lọ́dọ̀ obìnrin kan. Kò tíì kọ́ ọ jìnnà tó fi ń wá ohun tí yóò ṣe tí àwọn ará abúlé rẹ̀ yóò rí.

Abúlé àgbẹ̀ ni. Ejò pọ̀ lóko wọn, ọ̀nà sì jìn sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ọkùnrin yìí mú áàpù tí ẹlòmíràn ṣe fún títa oúnjẹ, ó yí orúkọ àti àwọ̀ rẹ̀ padà, ó sì fi bọ́tìnì pupa ńlá kan sí àárín rẹ̀. Bí ẹni tí ejò bù ṣán bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí yóò rí kà ni: “A ti gbọ́. A ń bọ̀.”

Ó fi han ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ wò.

“Ta ló gbọ́?”

“Mi ò tíì so ó mọ́ fóònù nọ́ọ̀sì, mà. Ibẹ̀ yẹn ló le. Mo ṣì ń kọ́ ọ.”

“Kò burú pé o ṣì ń kọ́ ọ. Àmọ́ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, má sì fi fún ẹnikẹ́ni.”

Kò yọ ọ́. Ó gbé e lọ sí ìpàdé abúlé. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n ń gbà á sórí fóònù wọn, baálẹ̀ sì gbàdúrà fún un. Ó fẹ́ sọ pé iṣẹ́ kù. Àdúrà náà dùn létí rẹ̀, ó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu, paramọ́lẹ̀ bu obìnrin kan tó ń jẹ́ Fadérera ṣán lẹ́sẹ̀. Òun nìkan ló wà lóko rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ń roko ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni yẹn ló ń sunkún lẹ́yìn náà pé, “Ká ní ó ké ni, ǹ bá ti gbọ́.”

Fadérera kò ké. Ó tẹ bọ́tìnì, ó ka “A ń bọ̀,” ó sì jókòó sábẹ́ igi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ wá sílé télọ̀ náà. Kò pariwo.

“Ẹ ní ẹ ń bọ̀,” ó ní. “Ó jókòó dè yín.”



Àbúrò mi, o sọ fún opó tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi sílẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ. Láti ìgbà náà kò tíì lọ bá ẹlòmíràn fún ìrànlọ́wọ́, nítorí ìwọ ló ń dúró dè. Bí o kò bá ní lè ṣe é, lọ sọ fún un lónìí, kí ó lè ké sí ẹni tó wà nítòsí.