Ọbẹ̀ Tí Wọ́n Fi Kọ́ Ilé Balógun

“Kí o tó wọn ilé àgbà, bèèrè ọbẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ.” Gbogbo yín lẹ ń pa á lówe, ẹ ó sì máa mirí bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó dáa, mo bi yín: kí ló kan ọbẹ̀ nínú ilé kíkọ́? Ṣé omi ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀ ni? Ẹni tí kò bá mọ̀ kó fìdí mọ́lẹ̀, kó gbọ́ ohun tí ojú Láníyonu ará Òkè-Agbède rí.

Láníyonu ń fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Olóyèdé. Ìfẹ́ ọmọ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá ń roko, ẹ̀gẹ́ ló ń ro dànù, koríko ló ń fi sílẹ̀. Olóyèdé kò sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: “Ọmọ mi kò ní í gbé ilé yẹpẹrẹ. Kọ́ ilé tó níyì, màá wá wò ó fúnra mi. Bó bá wù mí, a dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá wù mí, o ò gbọ́dọ̀ dé ojúde mi mọ́.”

Nígbà náà, kò sí ilé tó níyì tó ilé olóògbé Balógun Ògúnrìndé. Láníyonu mú okùn, ó wọn ilé náà láti igun dé igun, ó sì fi èédú ya gbogbo rẹ̀ sára pátákó. Ìpele amọ̀ márùn-ún ni gbogbo ògiri ilé náà, àfi ti yàrá ìgbàlejò. Ìpele mẹ́ta péré ni tiẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á ká bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

“Kí ló dé tí eléyìí fi kúrú?” ló bi àwọn àgbà àdúgbò.

“Kí onígbéraga lè tẹrí ba ni,” ni ọ̀kan wí.

“Rárá o,” ni èkejì wí, “kí ọ̀tá má baà lè gbé ọ̀kọ̀ wọlé ni.”

Ẹ̀kẹta pòṣé. “Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ nǹkan kan. Kí ọgbọ́n tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ má baà ráyè fò lọ ni.”

Láníyonu bi Ìyá Àrìnpé náà, ìyàwó tí Balógun fẹ́ kẹ́yìn, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nínú ilé náà. Ìyá wo ibòmíràn. “Ọmọ mi, ṣé o ò rí i pé mò ń jẹun ni?” Lóòótọ́, kò sígbà tí ìyá kì í jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ni Láníyonu ṣe kọ́ ilé tirẹ̀ bí Balógun ṣe kọ́ ọ, kò dín, kò lé. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bẹ̀ lọ́wẹ̀ ní, “Jẹ́ ká fi ìpele méjì kún ti yàrá yìí.” Ó jágbe mọ́ wọn: “Ṣé ẹ gbọ́n ju Balógun lọ ni?” Wọ́n jẹ ẹran wọn, wọ́n lọ.

Ọjọ́ wíwo ilé pé. Olóyèdé kó mọ̀lẹ́bí rẹ̀ dé, ó ga bí igi àgbọn, fìlà tún wà lórí gíga náà. Ìyá Àrìnpé náà dé. Ó ní òun wá wo ilé tó jọ ilé ọkọ òun, àmọ́ ìdí ààrò ló kọ́kọ́ lọ. Láníyonu ti wà nínú yàrá ìgbàlejò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja de àna rẹ̀.

Olóyèdé wo ẹnu ọ̀nà, ó dúró. “Ibo ni kí n gbà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ni,” Láníyonu fèsì láti inú yàrá.

“Kí n ṣe kí ni? Kí èmi Olóyèdé bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi? Ayé mà ti dojú rú o!”

“Bí ilé Balógun ṣe rí nìyẹn, bàbá.”

“Ṣé Balógun ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni?”

Àbúrò Olóyèdé kan tí kì í fẹ́ ìjà dá sí i: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹ̀yìn wọlé. Bí ẹ bá kọjú síta, ìta lẹ bẹ̀rẹ̀ fún, kì í ṣe àna.” Ọ̀rọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu létí gbogbo wọn. Olóyèdé yí ẹ̀yìn padà, ó ká, ó sì ń fi ìdí wọlé bọ̀. Láníyonu gbé ojú sókè láti kí àna rẹ̀. Yéè! Ohun tó rí kì í ṣe ojú. Àmọ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó kí i: “Ẹ káàbọ̀, bàbá.”

Bí Olóyèdé ṣe wọlé tán ló nàró. Orí rẹ̀ lu koríko òrùlé já, ó yọ síta, òun àti adìyẹ kan tó sàba síbẹ̀ di ojú ko ojú. Adìyẹ ké. Olóyèdé náà ké. “Àwẹ̀ró! Ó parí! Kò sí ìgbéyàwó mọ́!”

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún lójúde. Nínú yàrá, ẹsẹ̀ àna nìkan ni Láníyonu rí dì mú. “Ẹ ṣàánú mi, bàbá! Mo kú o!” Omijé ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀.

Ìyá Àrìnpé wo ọmọbìnrin tó ń sunkún náà, ó gbé ẹran ẹnu rẹ̀ mì. “Olóyèdé, dákẹ́ ná. Ẹjọ́ mi ni. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú yàrá yẹn. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí ọkọ mi bẹ ọ̀wẹ̀ ilé náà, èmi ni mo sì se ọbẹ̀ àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Mo tọ́ ẹran kan wò, bóyá ó ti jinná. Mo tún tọ́ òmíràn wò. Mo tọ́ ọ wò, mo tọ́ ọ wò, títí mo fi kan ìsàlẹ̀ ìkòkò.”

“Hẹn-ẹn?” ni Olóyèdé wí látorí òrùlé.

“Nígbà tí àwọn ọlọ́wẹ̀ fi òkèlè wá inú ọbẹ̀ títí, tí wọn ò rí egungun lásán, wọ́n nuwọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Yàrá ìgbàlejò nìkan ló kù, ìpele mẹ́ta ni wọ́n sì ti mọ níbẹ̀. Òjò ti ṣú, ojú sì ń ti ọkọ mi láti tún bẹ̀ wọ́n, ló bá fi koríko bò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bi í léèrè, á ní, ‘Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.’ Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ọgbọ́n.”

Ká tó wí, òrùlé ti ń mì. Ẹ̀rín ni Olóyèdé ń rín. Adìyẹ bínú, ó fi ẹyin sílẹ̀ fún un, ó fò lọ.

“Láníyonu, dìde,” ni Olóyèdé wí. “Mo ṣebí ńṣe lo fẹ́ rẹ̀ mí sílẹ̀, àṣé ọ̀rọ̀ ẹran ni! Ìwọ náà lo ni Àwẹ̀ró. Fi ìpele méjì kún ògiri yìí, kí o sì fi ẹran sọ́bẹ̀.”

Wọ́n tún bẹ ọ̀wẹ̀. Àwẹ̀ró ló se ọbẹ̀. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé àga Ìyá Àrìnpé sí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Olóyèdé wọlé lóòró, tòun ti fìlà.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mú okùn dé ilé Balógun láti wá wọ̀n ọ́n, ìyá kì í wo ibòmíràn mọ́. Á pe olúwarẹ̀ sọ́dọ̀, á ní, “Ọmọ mi, kí o tó wọn ilé àgbà, bèèrè ọbẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ.” Bó bá wí bẹ́ẹ̀ tán, á máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.