Máàpù Òkè Atẹ́rẹrẹ

Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ pé jọ síbí, ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo ti fi okùn ìdodo mi so erin mẹ́ta mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó rí omi wẹ̀ mí. Èmi Ọdẹ́gbàmí, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ! Ìwé méjì péré ni mo kà; ìwé kẹta rí mi, ó sá. Nígbà tí odò wa gbẹ, tí ọmọdé ń lá ìdí ìkòkò, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀nà orísun orí Òkè Atẹ́rẹrẹ mọ́, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ Igbó Iwin.

Igi ibẹ̀ ga débi pé ẹyẹ tó bá ń fò lọ sórí rẹ̀ ní láti sùn lọ́nà. Níbẹ̀ ni Awòkè, iwin olójú mẹ́rìnlá, ti tẹ́ máàpù kan sílẹ̀ níwájú mi, èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ayé àtijọ́ yà. Ohun tó dára, ẹ jẹ́ ká yìn ín. Òkè tó tóbi ju ìlú méje lọ, wọ́n ká a sínú ìwé tí kò fẹ̀ ju ọ̀já ọmọ lọ! Odò rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aró, ìlà wẹ́wẹ́ sì yí òkè kọ̀ọ̀kan ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí omidan. Mo ní, “Àbàjà ni òkè yìí kọ. Ará Ọ̀yọ́ ni.”

Iwin rẹ́rìn-ín títí ewé fi rẹ̀ dànù. “Ọdẹ, ìlà ojú kọ́. Gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà, ọgbọọgba ni wọ́n ga, bí àwọn tó jókòó lórí àtẹ̀gùn kan náà. Ibi tí ìlà bá ti fún mọ́ra ńkọ́? Bí o bá ṣì í, mo jẹ ọ́.”

Mo ro ó, mo tún un rò. “Baba, àpáta gàǹgà tó dúró ṣánṣán nìyẹn, ìkòkò á já bọ́ lórí obìnrin níbẹ̀. Ibi tí ìlà ti jìnnà síra ni ká gbà.”

“O gbọ́n ju ojú rẹ lọ,” ni iwin wí. Ó fún mi ní máàpù, mo gun ẹkùn wálé. Òun rè é lọ́wọ́ mi.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé lójú agbo nìyẹn tí Gbọ́lágadé, akọpẹ tí abà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè, tó ti ń gbọ́ mi lẹ́yìn agbo, fi yọ sí wa.

“Ẹ kú ìjókòó o. Ọdẹ́gbàmí, ẹní mi tí o sùn lé láti ọjọ́ yìí wá, o fi itọ́ bà á jẹ́. Máàpù bàbá mi tí o já lára ògiri mi dà? Àwọn awọnlẹ̀ ló fún un, nígbà tó ń bá wọn rẹrù gun òkè.”

Ìyá Mojírọ́lá, olórí àwọn obìnrin, tẹjú mọ́ Gbọ́lágadé. “Ọdẹ, ṣé iwin olójú mẹ́rìnlá náà rè é? Méjì ni mo rí.”

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín; ó gba máàpù lọ́wọ́ mi. “Gbọ́lágadé, ṣé orísun wà níbi tí máàpù yìí wí?”

“Ó wà, ìyá. Bàbá mi mu níbẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ Ọdẹ́gbàmí láti kà á náà ló kà á yẹn.”

“Ẹ gbé ìkòkò, ká máa lọ. Ẹ bá mi mú òpùrọ́ yẹn. Òun ni yóò ru ìkòkò tó tóbi jù.”

Àwọn obìnrin gbé ìkòkò. Èmi gbé ẹsẹ̀, ó di eré. Bí mo ti ń ré kọjá ọgbà ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbà wọ́n nímọ̀ràn: ẹni tó bá fẹ́ purọ́ ìrìnàjò, kó gbé ẹní tirẹ̀ dání.