Ẹni Tó Gé Ìtàkùn Elégédé Baálẹ̀
Baálẹ̀ Akínlàdé pàṣẹ fún Ọyálékè, opó tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀, pé kó gbin elégédé tí ọkùnrin méjì ò ní lè gbé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá kan ìtàkùn rẹ̀, kó fi oko sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a ò bá dín ìtàkùn kù, ìtàkùn náà ni yóò jẹ oúnjẹ tó yẹ kí èso jẹ. Ojoojúmọ́ làwọn ìránṣẹ́ Baálẹ̀ ń tú agbọ̀n Ọyálékè wá ọ̀bẹ. Gbọ̀rọ̀ tútù, ọ̀mùnú elégédé náà tó fọwọ́ já, nìkan ni wọ́n ń bá. Ó ń fi í sebẹ̀ fún Baálẹ̀, Baálẹ̀ ń ní kó tún bù sí i. Lọ́jọ́ ìkórè, ọkùnrin mẹ́ta ló gbé elégédé náà nílẹ̀. Baálẹ̀ rí i pé orí ìtàkùn ti lọ, ó jágbe: “Ta ló gé e?” Ọyálékè kúnlẹ̀: “Ọ̀bẹ ò kàn án, Baba. Ẹnu yín lẹ fi gé e.”