Ẹ̀rù Tí Àwẹ̀ró Pè Ní Èèwọ̀

Ẹ̀rù wọlé, ó tọrọ àpótí.
A fún un ní àpótí, ó gba ẹní.
A fún un ní ẹní, ó ti onílé síta.
Ló díá fún Àwẹ̀ró, ọmọ àgbẹ̀ Òkè-Atóri, lọ́jọ́ tí ó ń fi ìbẹ̀rù ṣe èèwọ̀. Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ẹ ó gbọ́ bí ó ti rú u.

Nígbà tí Àwẹ̀ró wà lọ́mọdé, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pọnmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, odò gbé e, ó mu omi yó kí wọ́n tó fà á jáde. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, bí ó bá bẹ̀rù, a kì í bá a wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún wá pè é, ojú tì í láti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní èèwọ̀ ilé àwọn ni odò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ yìí, bí ènìyàn bá ti dárúkọ èèwọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n àánú ọmọ ṣe é, ó dákẹ́. Irú àánú bẹ́ẹ̀ a máa ba ọmọ jẹ́.

Odò di èèwọ̀. Nígbà tó yá, kànga náà di èèwọ̀. Bí òjò bá ṣú, Àwẹ̀ró yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Obìnrin tí ń fi àdá pa ejò lóko kò lè tẹ ẹrẹ̀ etí odò.

Ó lọ́kọ, ó bí ọmọbìnrin kan, Ẹfúnyẹlá. Ẹfúnyẹlá lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀bádò, ìlú àwọn apẹja ní òdìkejì odò kan náà. Nígbà tí ó bímọ, wọ́n ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró pé kí ó wá wẹ ọmọ, bí ìyá gbogbo ti ń ṣe. Ó ránṣẹ́ padà pé òun kì í kọjá odò, èèwọ̀ ni. Ìyá ọkọ ló wẹ ọmọ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Omíyemí. Àwẹ̀ró gbọ́ orúkọ náà lókèèrè, ó sunkún.

Omíyemí ń dàgbà. Ní Ẹ̀bádò, ọkàn wọn kì í balẹ̀ lórí ọmọ tí kò mọ̀wẹ̀, nítorí ọkọ̀ lè dojú dé nígbàkigbà. Ṣówándé, ọkọ Ẹfúnyẹlá, wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ a máa jogún èèwọ̀ ìyá. Ẹfúnyẹlá ń wọ ọkọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹsẹ̀ kan odò. Ìdí nìyẹn tí Omíyemí náà kò fi tíì fẹsẹ̀ kan odò. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò máa bá ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà. Ẹ sọ ohun tí a ó ṣe."

Irọ́ ìgbà èwe Àwẹ̀ró ti di ogún.

Ó tọ Ifá lọ. Àwọn awo ní kí ó rú ẹyẹlé, kí ó rú aṣọ funfun, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi láàárín odò wá. Àwẹ̀ró fajú ro. Ó ní bí Ifá bá fẹ́ pa òun, kí ó sọ ọ́ gbangba. Ó mú ẹyẹlé wá, ó mú aṣọ wá, ó sì rán aládùúgbò rẹ̀ lọ bu omi. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà. Wọ́n da omi náà sílẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n ní Ifá kò bèèrè omi lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹbọ àbọ̀ kì í dà.

Ó bínú délé. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó, ó bi ara rẹ̀ pé ta gan-an ni òun ń bá bínú. Ifá kọ́ ló ti òun sódò. Odò náà kò sì wá òun wá sílé rí. Ó dìde, ó mú igbá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ẹ̀rù kò bà á. Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó yọ ọ́. Ó tún ki ẹsẹ̀ bọ omi, kò yọ ọ́ mọ́.

Ó wí sókè pé, "Ìwọ ẹ̀rù, láti kékeré ni mo ti ń bọ́ ọ. O jẹ odò mi, o jẹ kànga mi, o jẹ ìwẹ̀ ọmọ ọmọ mi. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kù tí o fẹ́ jẹ. Oúnjẹ tán nílé mi."

Ó rìn títí omi fi dé àyà rẹ̀. Ó bu omi kún igbá, ó gbé e fún àwọn awo, ẹbọ sì dà. Kò sinmi. Ó wọ ọkọ̀, ó dijú, ó di etí ọkọ̀ mú títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Ẹ̀bádò.

Wọ́n ní kí ó jókòó, ó kọ̀. Ó pe gbogbo agbo ilé jọ. Ó ní, "Kì í ṣe èèwọ̀. Ẹ̀rù ni. Èmi ni mo purọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó gbé Omíyemí, ó gbé e wọ odò, ó sì wẹ̀ ẹ́, ìwẹ̀ tí kò lè wá wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i.

Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, Omíyemí ti mọ̀wẹ̀. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ kò mọ̀wẹ̀ títí ó fi kú. Egungun ti gbó. Omi àyà ni ó mọ, ibẹ̀ náà ni ó sì máa ń dúró sí, tí yóò máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ó ní:
Ẹ̀rù wọlé, ó tọrọ àpótí.
A kò fún un ní àpótí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rù ṣe èèwọ̀, ẹ gbọ́ ẹbọ, ẹ rú u nígbà tí ẹ̀rù ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó jókòó, ọmọ yín ni yóò máa gbé oúnjẹ fún un.