Bí Ìpẹ́ Ṣe Kúrò Lára Àrọ̀

Nígbà láéláé, gbogbo ẹja inú odò ló ní ohun pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó bo ara wọn, ṣùgbọ́n ohun náà kò tíì lórúkọ. "Nǹkan ara ẹja" ni wọ́n ń pè é. Ti Àrọ̀ ló tóbi jù, òun ló sì ń dán jù.

Ní ọjọ́ kan, Akíkà sunkún dé etí odò. Ara Akíkà rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ nígbà náà. Èèrà ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ki imú bọ ilé wọn, wọn á gé e jẹ láti orí dé ìrù. Imú rẹ̀ wú, ìdí rẹ̀ wú, kò sì lè jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi," ló wí fún Àrọ̀. "Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò tíì jẹun. Ẹ yá mi ní nǹkan ara yín. Kí oòrùn tó wọ̀, màá ti dá a padà."

Àrọ̀ wo ìdí tó wú yìí. Àánú ṣe é, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Má jẹ́ kó pẹ́ o," ló wí. Ó sì bọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

Bó ti bọ́ ọ tán, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó gun òkúta, ó yọ̀ ṣubú. Ó tún gùn ún, ó tún ṣubú. Ló bá lọ jókòó sínú ẹrẹ̀.

Akíkà ní tirẹ̀ wọ nǹkan ara ẹja, ó wọ ilé èèrà. Èèrà gé e títí, eyín wọn kán. Akíkà jẹ, ó yó. "Ilé kan sí i péré," ló wí. Ó wí bẹ́ẹ̀ nígbà méje.

Oòrùn wọ̀, kò dé. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Ọ̀pọ̀lọ́, tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, wá ń kọjá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Àrọ̀, kí lẹ bọ́ sílẹ̀ lára yín?"

Akíkà ni Àrọ̀ ń rò. "Ó pẹ́," ló dáhùn.

"Ìpẹ́ kẹ̀? Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ." Ọ̀pọ̀lọ́ sì ròyìn ká gbogbo odò pé Àrọ̀ ti sọ ìpẹ́ nù. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ nǹkan ara ẹja lára nìyẹn.

Ara ò gba Àrọ̀ mọ́. Ó fi àyà wọ́ gorí ilẹ̀ títí ó fi bá Akíkà.

"Akíkà, bọ́ ìpẹ́ mi fún mi."

Akíkà rántí eyín èèrà. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Ló bá ki orí bọ abẹ́ ikùn, ó ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká. Àrọ̀ wá orí rẹ̀ títí, kò rí i.

"Akíkà, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

"Kò sí nílé," Akíkà dáhùn láti inú.

Àrọ̀ kàn án, kò ṣí. Ó tì í, Akíkà yí gbirigbiri lọ. Ara Àrọ̀ sì ti ń gbẹ. Kí ó má baà kú, ó sáré padà sínú ẹrẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Àrọ̀ kò ti ní ìpẹ́ mọ́, tó ń gbé inú ẹrẹ̀, tó sì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú. Láti ọjọ́ náà ni Akíkà sì ti ń ká jọ bó bá ti gbọ́ ìró ohunkóhun. Ó rò pé Àrọ̀ ni.